Fóònù Lọ́wọ́ Ọmọ Ilé Kéú

Láàárín àwa òbí ní Ìlá-Ọ̀ràngún níhìn-ín, ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù ni pé fóònù ń ba ọmọ jẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi òru wo fóònù, oorun ni yóò máa sùn nídìí wàláà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé áàpù tí ọmọ ń tẹ̀ yẹn, ènìyàn ni ó jókòó ṣe é, iṣẹ́ tí a sì ń kọ́ ní yunifásítì ni.

Ẹ wo Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí, olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, fi ìwádìí tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2005 wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi ka Yorùbá sókè pẹ̀lú ohùn tí ó tọ́. Ọ̀mọ̀wé Safiriyu Eludiora, láti ẹ̀ka kan náà, ṣiṣẹ́ lórí ètò tí ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá.

Àmì ohùn wà lára ohun tí ó mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ le, ọmọ ilé kéú kò sì ní pẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni. Bí a bá fi àmì kan sí i, ó di kataba, "ó kọ̀wé". Bí àmì bá yí padà, ó di kutiba, "a kọ ọ́". Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá rí. Ìbátan mi kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé "oko mi ti baje". Mo ní láti pè é kí n tó mọ̀ bóyá ọkọ́ ni, tàbí ọkọ rẹ̀, tàbí ọkọ̀. Ọkọ̀ ni ó takú sọ́nà. Èmi lè pè láti bèèrè. Fóònù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi ohun tí ẹni tí ó ṣe é bá kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ díẹ̀ ní App Inventor, tí Google gbé jáde ní 2010, tí yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà sì ń bójú tó báyìí. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ yóò máa to àṣẹ léra bí ẹni to búlọ́ọ̀kù lórí kọ̀ǹpútà, yóò sì dán an wò lórí fóònù. Áàpù tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ rọrùn: bí ẹ bá tẹ àwòrán ohun èlò oko, ohùn àgbàlagbà kan yóò pe orúkọ rẹ̀ ní Ìgbómìnà. Wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà náà kí wọ́n tó gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìwádìí ti 2005 yẹn dá lé. Ibi kan ni a sáà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọmọ Ìlá tàbí Òkè-Ìlá tí ó mọ iṣẹ́ yìí, ta ni yóò kó ohùn àwọn ìyá wa àgbà sínú ẹ̀rọ? Wọn kò ní dúró dè wá títí.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń fi í ṣe. Ẹ dá àkókò fún un, kí ẹ sì rí i pé ìṣirò rẹ̀ dúró ṣinṣin pẹ̀lú kéú rẹ̀, nítorí ìṣirò ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ tí ń ṣeni láǹfààní ta àwọn ọmọ wa lọ́rẹ. Àmín.