Yunifásítì Wo Ni Kí Ọmọ Wa Lọ, Ẹ̀kọ́ Wo Ni Kí Ó Kọ́?

Nígbàkúgbà tí àkókò ìdánwò JAMB bá súnmọ́ tòsí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni í gba ẹnu àwọn ará àdúgbò wa: yunifásítì wo ni kí ọmọ lọ, ẹ̀kọ́ wo ni kí ó sì kọ́ níbẹ̀? Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ yìí mú kí ọkọ àti aya bínú sí ara wọn, mo sì ti rí ọmọ tí kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta nítorí rẹ̀. Nítorí pé mo fi ọdún púpọ̀ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni àwọn ẹbí máa ń ránṣẹ́ pè nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá le. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ kí n sọ ohun tí mo ti rí.

Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé. Kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ etí ọ̀sà ní ìpínlẹ̀ Èkó ni mo ń wí, bí kò ṣe Ẹ̀pẹ́ ti Rẹ́mọ, ọ̀kan nínú àwọn ìlú mẹ́tàlá tí wọ́n kó ara wọn jọ ní ọdún 1872 tí wọ́n sì di Ṣágámù. Ní Ṣágámù yìí ni ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn wà láti ọdún 1986. Nítorí náà, láti kékeré ni ọmọ Ẹ̀pẹ́ ti ń rí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí wọ́n gbé ìwé sí abíyá, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wa tí wọ́n sì ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ wa léèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, púpọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé dókítà. Èmi kò bá wọn wí. Ojú ni ọmọ fi ń yan iṣẹ́. Ohun tí kò bá tíì rí, báwo ni yóò ṣe yàn án? Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà ní ìlú kan náà, àwọn ẹnjiníà àti àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọgbà ni wọ́n wà, ọmọ kankan kò rí wọn. Èéfín ni ó rí.

Ohun kan sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni a fi pe ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó wà ní Ṣágámù. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, kì í sì í ṣe dókítà. Ẹ̀kọ́ òwò ṣíṣe àti ẹ̀kọ́ òfin ni ó kọ́. Olóyè Bísí Ọnàbánjọ, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì náà ní ọdún 2001, oníwèé ìròhìn ni kí ó tó di gómìnà. Bẹ́ẹ̀ ni àwa sì jókòó nísàlẹ̀ pátákó tí orúkọ àwọn méjèèjì wà lára rẹ̀, a ń sọ fún ọmọ pé bí kò bá ṣe dókítà, kò di ènìyàn.

Ní ọdún 2025, ọ̀rọ̀ náà kan ilé tiwa. Àbúrò mi obìnrin kan, tí ọkọ rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa, ń ta obì gbànja. A máa rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, a máa bó o, a máa fọ̀ ọ́, a sì máa fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀ fún àwọn oníbàárà ní Sábo tí wọ́n ń kó o lọ sí òkè Ọya. Nínú òwò yìí ni ó ti tọ́ ọmọ mẹ́ta. Èyí àkọ́bí, obìnrin, ṣe ìdánwò JAMB, ó sì gba máàkì 228 nínú 400. Yunifásítì Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ yàn, ìṣègùn ni ó sì kọ sílẹ̀. Inú gbogbo ilé dùn, nítorí a ti gbọ́ pé 150 ni JAMB àti àwọn yunifásítì fi ẹnu kò sí ní ọdún náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ yunifásítì pẹ̀lú iye tí ó kéré sí i. Àwọn kan tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ náà ní dókítà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, 150 yẹn, ẹnu ọ̀nà ọgbà ni. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà yàrá. Ní ti ìṣègùn ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Ifẹ̀, àwọn tí wọ́n gba 300 pàápàá ń du àyè pẹ̀lú ara wọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àbójútó àwọn dókítà ní Nàìjíríà ni ó ń pinnu iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà, yunifásítì kò sì lè fi kún un bí ó ti wù ú. Ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, nínú ọgọ́rùn-ún àyè, 45 ni ti àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ láti ibikíbi. 35 ni ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tí ó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, èyí tí ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ. 20 tí ó kù sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn kò tíì lọ síwájú tó, èyí tí ti wa kò sí nínú wọn. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tàbí àyẹ̀wò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, àti ìwé ẹ̀rí WAEC. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yunifásítì ńlá ni kì í wo ojú ẹni tí kò fi wọ́n ṣe àyànfẹ́ àkọ́kọ́. Nítorí náà ẹni tí ó fi àyè àkọ́kọ́ yìí ṣe eré ti fi ọdún kan ṣe eré, nítorí èsì JAMB kì í kọjá ọdún kan.

Nígbà tí mo ti sọ gbogbo èyí fún wọn tán, àbúrò ọkọ rẹ̀ dá àbá mìíràn. Ilẹ̀ kan wà tí bàbá ọmọ náà fi sílẹ̀. Ó ní kí a tà á, kí ọmọ lọ kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì aládàáni. Ó dárúkọ Babcock tí ó wà ní Ìlíṣàn, tí kò jìnnà sí wa rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ rere ni, ó ti di yunifásítì láti ọdún 1999, ó sì ní ilé ìwòsàn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni lọ́dọọdún. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò jẹ̀bi; kò sí owó ìjọba lẹ́yìn rẹ̀.

Mo bèèrè ìwé pélébé kan, mo fa ìlà mẹ́fà sí i, nítorí pé ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Níwájú ìlà kìíní mo kọ ‘ilẹ̀’. Níwájú ìlà kejì mo tún kọ ‘ilẹ̀’, pẹ̀lú èrè obì ọdún náà. Nígbà tí mo dé ìlà kẹta mo gbé ojú sókè, mo bi wọ́n pé, ‘Ta ni yóò san ti èyí?’ Àbúrò ọkọ dáhùn pé, ‘Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run yóò pèsè.’ Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n mo fi àyè náà sílẹ̀ láìkọ ohunkóhun sí i, títí dé ìlà kẹfà. Ìyá ọmọ náà mú ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì ká a sínú ìró rẹ̀.

Ohun tí mo gbàgbọ́ nìyí, bí àwọn kan tilẹ̀ ń pè mí ní aláìnígbàgbọ́ nítorí rẹ̀: ọdún tí a ó parí ni kí a máa fi yan yunifásítì, kì í ṣe ọdún tí a ó wọlé. Ọjọ́ ìwọlé ni a ń ya àwòrán, ọjọ́ náà ni a ń ṣe ìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún kẹta ni owó ń tán, ọdún kẹta náà ni ọmọ tí kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń dẹ́kun láti máa jí lówùúrọ̀. Ní òpópónà wa ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó lo ọdún mẹ́ta nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ, tí owó tán, tí ó sì padà wálé. Ọdún mẹ́ta náà kò fún un ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ọ̀kadà ni ó ń gùn nísinsin yìí. Kò sí ìtìjú nínú ọ̀kadà gígùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ti lọ.

Àwọn mìíràn ń yan yunifásítì nítorí pé ó súnmọ́ ilé, kí ọmọ lè máa jẹun nínú ìkòkò ìyá rẹ̀. Ìrò yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ẹ̀kọ́ náà wà. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1982, kò sí ní ojú kan. Àgọ́-Ìwòyè ni olú ilé rẹ̀ wà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Ayétòrò ní apá Yewa. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà wà ní Ìbógùn, lọ́nà Ìfọ̀. Ìṣègùn àti ẹ̀kọ́ ìpo-oògùn ni ó wà lọ́dọ̀ wa ní Ṣágámù. Mo mọ bàbá kan tí ó ra ọkọ̀ kékeré kí ọmọ rẹ̀ lè máa ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnjiníà ni ọmọ náà fẹ́ kọ́.

Ní ti owó, ìrànlọ́wọ́ kan ti wà báyìí tí kò sí fún àwọn tí wọ́n ṣáájú. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni a fi ọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. NELFUND ni a ń pe àjọ tí ń ṣètò rẹ̀. Ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń san owó náà sí tààrà, ó sì ń fún ọmọ ní owó oúnjẹ lóṣooṣù. Kò sí èlé lórí rẹ̀, a kì í sì í béèrè rẹ̀ títí di ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ó wà fún. Ẹni tí ó bá ti ta ilẹ̀ lọ sí ti aládàáni ti kúrò nínú rẹ̀. Mo kọ èyí náà sí ẹ̀yìn ìwé pélébé wa.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ìwọ̀nyí rárá, kí ó wo ohun tí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí mo dárúkọ ṣe. Kò sí bàbá tí yóò rán an ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nítorí bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó kọ ìwé ìròhìn, ó ṣòwò. Láti inú iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó ti ń kàwé nínú ilé, tí ó fi gba oyè ẹ̀kọ́ òwò ti Yunifásítì London ní ọdún 1944, kí ó tó lọ kọ́ òfin lọ́hùn-ún tí ó sì di lọ́yà ní 1946. Lónìí, National Open University wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sì béèrè ìdánwò JAMB. A kò lè kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta ọjà lè kọ́ ìṣirò owó níbẹ̀ láìti ìsọ̀ rẹ̀ pa.

Ní ọjọ́ kejì mo ní kí wọ́n pe ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá, nítorí gbogbo wa ti sọ̀rọ̀ lé e lórí láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ràn nínú iṣẹ́ dókítà. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, ‘Bàbá, ẹ̀jẹ̀ máa ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dádì ń ṣàìsàn, èmi ni mo ń to oògùn wọn. Oògùn márùn-ún ni. Mo fẹ́ mọ ìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ lo méjì nínú wọn pọ̀.’ Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé ó rántí.

Mo fi hàn án pé Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místrì àti Físíìsì tí ó fi ṣe JAMB fún ìṣègùn náà ni àwọn tí ń po oògùn ń lò, nítorí náà kò sí ìdí láti dúró de ọdún mìíràn. JAMB ń gbà kí ọmọ yí yunifásítì àti ẹ̀kọ́ padà, bí ó bá san owó rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ó bèèrè bóyá àwọn tí wọ́n ti ń pè é ní dókítà yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Mo ní bóyá. Ìyá rẹ̀ ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀ fún òun.

A yí i padà ní ọjọ́ Ẹtì, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lẹ́bàá ọjà, ó di ẹ̀kọ́ ìpo-oògùn ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ. Nígbà tí mo kọ èyí, kò tíì ṣe àyẹ̀wò ti yunifásítì. Ó ń jí ní agogo mẹ́rin òru láti kàwé, ìyá rẹ̀ sì ń jí pẹ̀lú rẹ̀, ó ń bó obì. Ilẹ̀ náà ṣì wà. Wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ sí i.