Ìṣirò Tó Gba Ilé Là

Ní ìlú Pobẹ̀, ìyá kan wà tí ó ń rán aṣọ ilé-ìwé. Ó ní ọmọ méjì. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án. Àbúrò kò tíì pé ọdún kan.

Ihò iná kan ṣoṣo ni ó wà lára ògiri yàrá wọn. Nítorí náà, ìyá ra wáyà gígùn kan tí ó ní ihò mẹ́ta. Gbogbo ohun tí ń lo iná nínú ilé, inú ihò mẹ́ta yìí ni wọ́n ń kì wọ́n bọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ìyá ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ tí àwọn oníbàárà yóò gbà ní òwúrọ̀. Ó tún ń fi ìkòkò iná se omi ìwẹ̀. Ọmọ kékeré sùn lórí ẹní nítòsí wáyà.

Lójijì, òórùn burúkú gba yàrá.

"Màmá, rọ́bà ń jó!" ni ọmọbìnrin náà ké.

Ìyá sáré gbé ọmọ kúrò lórí ẹní. Ó pa iná níbi mítà. Wáyà ti gbóná, ara rẹ̀ ti ń yọ́. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ṣùgbọ́n ìyá kò rí oorun sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò bàbá wọn wá láti Sakété. Oníṣẹ́ iná ni.

Ìyá kúnlẹ̀ kí i. "Ọkọ mi, ẹ kú àbọ̀. Ẹ wo wáyà burúkú tí wọ́n tà fún mi."

Ó wo wáyà náà, ó sì mi orí. "Ìyàwó wa, wáyà kò burú. Ẹrù ni ó pọ̀ jù fún un."

Ó pe ọmọbìnrin náà. "Wá ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára."

"10 A ni, Bàbá Kékeré."

"A yẹn ni áńpẹ̀. Ìwọ̀n iná tí ń ṣàn nínú wáyà ni. Wáyà yìí kò lè gbé ju áńpẹ̀ 10 lọ."

Ó mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé. Táńkì omi wà níbẹ̀ lórí òpó gíga. Omi ń gba inú rọ́bà wá sílẹ̀.

"Wò ó," ni ó wí. "Táńkì ga, ìyẹn ni ó ń ti omi jáde. Ohun tí ń ti iná jáde ni fólítì. Nínú ilé wa, fólítì 220 ni. Omi tí ń ṣàn yìí dà bí áńpẹ̀. Bí mo bá wá fi ọwọ́ fún rọ́bà pọ̀ ńkọ́?"

"Omi yóò dínkù."

"O káre! Ohun tí ń dí iná lọ́nà, òómù ni à ń fi wọ̀n ọ́n. Agbára tí iná fi ń ṣiṣẹ́, wáàtì ni à ń fi wọ̀n ọ́n."

Wọ́n padà sínú ilé. Ó fi ẹfun kọ ọ́ sí ilẹ̀:

fólítì × áńpẹ̀ = wáàtì
wáàtì ÷ fólítì = áńpẹ̀
fólítì ÷ áńpẹ̀ = òómù

Wọ́n kọ 2200 W sí ara ìkòkò iná. Wọ́n kọ 1100 W sí ara áyọ́ọ̀nù. Ọmọbìnrin náà mú síléètì rẹ̀, ó ṣe ìṣirò:

2200 ÷ 220 = 10
1100 ÷ 220 = 5
10 + 5 = 15

"Háà! Áńpẹ̀ 15 ni! 10 péré sì ni wáyà lè gbé!"

"Òómù wọn ńkọ́?"

"220 ÷ 10 jẹ́ 22. Ti ìkòkò nìyẹn. 220 ÷ 5 jẹ́ 44. Ti áyọ́ọ̀nù nìyẹn."

"Ṣé o rí i? Òómù ìkòkò kéré, nítorí náà ni iná púpọ̀ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Jámánì, Georg Ohm, ni ó kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ní ọdún 1827. Orúkọ rẹ̀ ni a fi pe òómù."

Ọmọbìnrin náà ronú díẹ̀. Ó rántí àwọn òpó irin gíga tí ó rí ní Sakété. "Bàbá Kékeré, wáyà orí òpó wọ̀nyẹn ń gbé iná fún ọ̀pọ̀ ilé. Kí ló dé tí wọn kò jó?"

"Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyí! Láti ọdún 2007 ni iná ti ń gba orí òpó wọ̀nyẹn wá láti Ìkẹjà ní Nàìjíríà sí Sakété. Fólítì rẹ̀ jẹ́ 330,000. Bí fólítì bá pọ̀, áńpẹ̀ díẹ̀ ni yóò tó fún iṣẹ́ kan náà. Bí áńpẹ̀ bá sì kéré, wáyà kì í gbóná jù. Ẹ̀rọ ńlá ni ó ń dín fólítì náà kù kí iná tó wọ ilé wa. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá."

Ìyá kó wáyà tí ó jó dànù, ó sì ra òmíràn. Ọmọbìnrin náà kọ áńpẹ̀ ohun kọ̀ọ̀kan sí ara páálí. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ihò iná.

Láti ọjọ́ náà, kí ìyá tó ki ohunkóhun bọ ihò iná, yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Ọmọ mi, mélòó ni?"

"Áyọ́ọ̀nù nìkan, 5 ni, Màmá. Ẹ kì í bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n omi yóò dúró ná."

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:
1. Kí ló dé tí wáyà fi gbóná?
2. Áńpẹ̀ mélòó ni ohun tí wọ́n kọ 440 W sí lára yóò lò nínú ilé wọn?
3. Ṣé ó lè bá áyọ́ọ̀nù wà lórí wáyà 10 A?