Gbígbé Balùwẹ̀ Wọ Inú Ilé

Kì í ṣe èèṣì ni àwọn baba wa fi ń kọ́ balùwẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ sí i, oòrùn a máa gbẹ ilẹ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í dé ibi tí a ń sùn. Omi tí ó bá ṣàn jáde, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò tí a gbìn sí ìdí rẹ̀ ni yóò mu ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé balùwẹ̀ kúrò níbẹ̀ wọ inú ilé, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ro èyí.

Ọ̀ràn náà kan àwa pẹ̀lú nígbà tí ìyá wa lé ní 80 ọdún. Ní òru ìgbà òjò, ìrìn àti yàrá rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé a máa já wa láyà, nítorí ilẹ̀ a máa yọ̀, àgbà tí ó bá sì ṣubú, ìdìde rẹ̀ kì í rọrùn. Àwa ọmọ rẹ̀ fi ohùn ṣọ̀kan pé kí á kọ́ balùwẹ̀ mọ́ ara ilé. Bíríkìlà ní ìhà ìlà-oòrùn ni ó dára, nítorí pé ó súnmọ́ yàrá ìyá wa jù, owó rẹ̀ kò sì ní pọ̀. Kí a tó dá a lóhùn, ìyá wa bèèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, omi ìdọ̀tí náà ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ta ni yóò gbà lọ?" A wọn ilẹ̀ náà: láti ibi tí a ó gbẹ́ kòtò sí dé kànga aládùúgbò wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ.

Ìbéèrè náà wúwo. Ní ọdún 1854, àrùn kọ́lẹ́rà pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà John Snow ni ó tọ́ka sí kànga ẹ̀rọ tí ó wà ní òpópó Broad Street. Àlùfáà Henry Whitehead, tí ń ṣiṣẹ́ ní ìjọ àdúgbò náà, sì wádìí rí i pé ìyá kan ti da omi tí ó fi fọ aṣọ ìdọ̀tí ọmọ rẹ̀ tí ń ṣàìsàn sínú kòtò ilé tí ó wà lẹ́bàá kànga yìí. Ògiri kòtò náà ti jẹrà, ìdọ̀tí sì ń jò lọ sínú kànga. Ìyá náà kò ní ibi lọ́kàn; ṣùgbọ́n omi kì í bèèrè èrò ọkàn ẹni kí ó tó ṣàn.

Nítorí náà ni a ṣe kọ́ balùwẹ̀ wa sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí kòtò rẹ̀ ti jìnnà sí gbogbo kànga ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ. Owó náà pọ̀ sí i, ìrìn ìyá wa sì fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá gùn sí i, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ni ó ń rìn. A kò dán sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Ní ẹsẹ̀ bàtà 4 kọ̀ọ̀kan, páìpù rẹ̀ fi íǹṣì 1 rẹlẹ̀, kí omi má baà dúró. A sì tẹ ọrùn páìpù náà, kí omi díẹ̀ lè máa wà níbẹ̀ láti dí ọ̀nà mọ́ òórùn. Fèrèsé gíga ni a ṣí sí i, kí afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé lè máa wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nínú ẹ̀kọ́ ìfẹ́ sí ọmọnìkejì tí a ń kọ́ ní ilé ìwé wa, ọ̀nà tí omi ìdọ̀tí wa ń gbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó wẹ̀, tí ẹ̀gbin rẹ̀ sì wọ kànga ẹlòmíràn, kò tí ì mọ́.