Ìlà Dúdú Inú Ọpọ́n Ìwẹ̀

Rélùwéè District ni mo wọ̀ láti àárín Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ sí Kew, níbi tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pamọ́ sí. Àwòrán àlẹ̀mógiri ayé Ogun Àgbáyé Kejì ni mo bá lọ, àwọn tí ìjọba fi ń bẹ ará ìlú pé kí wọ́n ṣọ́ nǹkan lò, omi gbígbóná pàápàá. Wọn kì í gba owó ìwọlé níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú bírò wọlé. Pẹ́ńsùlù nìkan ni.

Àwòrán tí àwọn ayàwòrán fọwọ́ ara wọn kùn kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ló wà níbẹ̀, nǹkan bí 2,000. Ipa búrọ́ọ̀ṣì ṣì hàn lára ọ̀dà. Mo pẹ́ nídìí wọn gan-an.

Omi fúnra rẹ̀ kọ́ ló ká ìjọba lára nígbà náà. Èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni. Òun ni wọ́n fi ń mú omi gbóná nílé, òun náà ni ilé iṣẹ́ tó ń rọ ohun ìjà ń jó, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ awakùsà ti lọ sójú ogun. Ni wọ́n bá ní kí omi inú ọpọ́n ìwẹ̀ má kọjá ínǹsì 5. Ó ju garawa kan tí àwa fi ń wẹ̀ nílé lọ dáadáa, àmọ́ lójú ẹni tó ti mọ́ lára láti rì dé ọrùn, ìyà ni.

Ọba George Kẹfà wá ní kí wọ́n fa ìlà sínú àwọn ọpọ́n ìwẹ̀ ààfin Buckingham. Nígbà tí Eleanor Roosevelt, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà, ṣe àlejò wọn ní oṣù kẹwàá 1942, ó bá ìlà dúdú náà nínú èyí tí wọ́n fún un lò. Lójú tèmi, ìlà yẹn ló fún gbogbo àwòrán náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ta ni yóò sọ pé ọba ń fi ìyà jẹ òun, nígbà tí ọba ti kọ́kọ́ wọn omi tirẹ̀?

Ní 1976 ni omi gan-an wá wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn kan ń tò sídìí ẹ̀rọ ojú pópó pẹ̀lú garawa. Ìjọba yan Denis Howell ní mínísítà ọ̀dá. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, òjò dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó omi ẹ̀rọ nílé, kí ẹ tó lẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ́ ògiri wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dí páìpù tó ń jò lójú títì.