Àpótí Kọ̀ǹpútà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kàn ní Òmù-Àrán

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó epo. Ọ̀rọ̀ àpótí ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìlú wà nínú rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní Òmù-Àrán. Láti ọdún 2013 ni àjọ JAMB ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì. Nígbà tí ó di ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni mo ń rí ọmọ tí ó mọ̀wé dájú, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Èyí ni ó mú kí n ṣa owó jọ, tí mo sì ra tòkunbọ̀ kan láti Ìkẹjà ní ìlú Èkó, kí àwọn ọmọ àdúgbò lè máa fi dánra wò ní pálọ̀ wa.

Nígbà tí ẹrù náà dé, àpótí irin tí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ ti tẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹrù mìíràn ti jókòó lé e lórí lọ́nà. Mo tú u palẹ̀ pẹ̀lú àyà jíjá. Ọlọ́run bá mi ṣe é, àwọn ẹ̀yà inú kò fara pa. Mo so wọ́n pọ̀ lórí tábìlì, mo tan iná sí wọn, wọ́n sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ìhòòhò, nínú ilé tí ọmọdé ń sáré káàkiri, tí eruku ọyẹ́ ń wọlé, tí ọmọ-ńlé ń rìn lára ògiri, kò lè pẹ́ láyé. Mo béèrè iye tí àpótí tuntun yóò jẹ́. Iye tí wọ́n pè é, pẹ̀lú owó ọkọ̀, sún mọ́ ìdajì owó tí mo fi ra gbogbo kọ̀ǹpútà náà. Mo dákẹ́. Ìgbà náà ni ọkàn mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí àwọn irin iṣẹ́ bàbá mi wà.

Káfíńtà ni bàbá mi. Iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni ó wà ní àdúgbò wa tí ó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ló kàn án. Èmi ni àkọ́bí wọn ọkùnrin. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n gbé ayùn lé mi lọ́wọ́. Mo gbé e sílẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ náà tí n kò lè gbàgbé títí ayé: mo ní iṣẹ́ àwọn tí kò kàwé ni. Wọn kò nà mí. Wọ́n gba ayùn wọn padà, wọ́n sì fi owó iṣẹ́ kan náà rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Láti ọjọ́ náà, a kò jọ sọ̀rọ̀ igi mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Wọn kò lè di ife omi mú dáadáa, áḿbọ̀sì ayùn.

Mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yá ayùn yín."

Wọ́n wò mí títí. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Àpótí ni, sà."

"Àpótí? Ta ló kú?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo ṣàlàyé pé ti kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n ní, "Gbé ohun tí yóò gbé inú rẹ̀ wá kí n rí i. A kì í kan àpótí fún ẹrù tí a kò tíì rí."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹni tí kò bá mọ inú kọ̀ǹpútà lè bá mi lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ kan wà tí a ń pè ní mọ́dábọ́ọ̀dù. Òun ni gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́. Ní ọdún 1995, ilé iṣẹ́ Intel gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní ATX. Ìlànà yìí ló sọ bí mọ́dábọ́ọ̀dù yóò ṣe tóbi tó, àti ibi tí ihò súkúrù rẹ̀ yóò wà. Nítorí rẹ̀ ni pátákó tí ilé iṣẹ́ kan ṣe fi ń bá àpótí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe mu. Èyí tí ó tóbi jẹ́ mìlímítà 305 sí 244. Tèmi jẹ́ ti oríṣi kékeré, 244 sí 244. Ojú fèrèsé kan tún gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àpótí, níbi tí a ó ti máa ki wáyà bọ inú rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 158.75 ní ìbú, àti 44.45 ní gíga.

Mo ń ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sókè, mo sì ń ṣàròyé pé irú ìwọ̀n wo ni èyí tí ó ní ẹ̀sún lára bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní kí n mú téèpù ìwọ̀n wá, kí n wo ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀. Íǹṣì mẹ́fà àti ìdámẹ́rin ni ìbú fèrèsé náà. Íǹṣì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni gíga rẹ̀. Kò lé, kò dín. Wọ́n ní, "Ìwọ̀n káfíńtà ni. Ẹni tó ya ohun yìí, irú téèpù mi ló lò." Ọkùnrin tí kò tan kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀ rí ohun tí èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí kò rí.

Ìkánjú ni mo fi kan àpótí àkọ́kọ́. Mo rò pé bí àpótí bá ti gba mọ́dábọ́ọ̀dù, ó ti tó. Mo gé pílíwúùdù ní ìwọ̀n tí ó fún mọ́ ọn gádígádí, mo fi súkúrù kan mọ́dábọ́ọ̀dù náà mọ́ igi tààrà, mo sì pa ojú rẹ̀ dé. Mo tan kọ̀ǹpútà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ó fi pa ara rẹ̀. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ara àpótí, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe kọ̀ǹpútà: bí ọpọlọ rẹ̀ bá gbóná kọjá ààlà, yóò pa ara rẹ̀ kí ó má bàa jóná.

Bàbá mi gbé ọwọ́ wọn tí ń gbọ̀n lé e. Wọ́n ní, "Ilé ìdáná tí kò ní ihò èéfín lo kọ́ yìí." Ọ̀rọ̀ náà yé mi ju gbogbo àlàyé tí mo ti kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè ni. Afẹ́fẹ́ tútù gbọ́dọ̀ gba ìsàlẹ̀ iwájú wọlé, kí èyí tó gbóná sì gba òkè ẹ̀yìn jáde. Ohun tí àwọn ìyá wa fi ń kọ́ ilé ìdáná nìyẹn. Àwọn àgbà sì ti wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo tú àpótí náà palẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi igi àfàrà ṣe egungun àpótí, mo fi pílíwúùdù ṣe ara rẹ̀, mo sì jẹ́ kí inú rẹ̀ fẹ̀ kí wáyà rí ibi gbà. Mo fi páànù tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì gé ojú fèrèsé náà sí. Mo yọ àwọn ẹsẹ̀ idẹ kéékèèké kúrò lára àpótí irin tó ti bàjẹ́, mo fi wọ́n gbé mọ́dábọ́ọ̀dù sókè. Ìdí ni pé ẹ̀yìn pátákó náà kún fún ojú irin ṣóńṣó. Bí wọ́n bá fara kan páànù, iná lè gba ibi tí kò yẹ kọjá, kí gbogbo rẹ̀ sì bàjẹ́. Mo dá ihò fáànù méjì, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ iwájú, ọ̀kan ní òkè ẹ̀yìn. Mo na nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ti iwájú nítorí eruku ọyẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń yọ ọ́ fọ̀. Àpótí irin kékeré tí ń sọ iná ilé di èyí tí kọ̀ǹpútà lè lò, n kò tú u rárá. Ẹ̀yin náà, ẹ má dán an wò, nítorí iná lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri.

Ní gbogbo ìgbà tí mo ń rẹ́ igi, bàbá mi jókòó, wọ́n di ojú wọn. Wọn ò wo ọwọ́ mi rárá, ohùn ayùn ni wọ́n ń gbọ́. "Má tì í. Jẹ́ kí ayùn fúnra rẹ̀ jẹ igi." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: "O ti yà kúrò lójú ìlà." Mo wò ó, òótọ́ ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ọwọ́ mi ni ó ń rẹ́ igi, etí wọn ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun ìtìjú ni kí kọ̀ǹpútà wà nínú igi. Ní ọdún 1976, nígbà tí Steve Jobs àti Steve Wozniak bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà Apple àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ní dọ́là 666.66, pátákó lásán ni wọ́n ń tà. Kò ní àpótí. Àwọn kan lára àwọn tó rà á ló fi igi kan àpótí fún un. Àwa Ìgbómìnà ńkọ́, tí ìtàn sọ pé orúkọ wa jáde láti ara Ogbó, àdá Ọ̀ràngún tó mọ̀nà? Ìlá-Ọ̀ràngún ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti wá, agbẹ́gilére tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé kí ó tó kú ní ọdún 2009. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí.

Kí iṣẹ́ tó parí, mo gbé bàbá mi lọ sí òde ìkómọ ní Ẹ̀sìẹ́. Nígbà tí a ń bọ̀, wọ́n ní kí a yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ère òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó, bí ẹni pé ìpàdé ni wọ́n ń ṣe. Ìtàn àbáláyé ní àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Àwọn onímọ̀ ní ènìyàn ló gbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fẹnu kò lórí àwọn tó gbẹ́ wọn. Bàbá mi dúró níwájú ọ̀kan fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà níbí. Bí wọ́n ṣe ṣe é, wọ́n gbé e lọ."

Wọn kò wò mí nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni ọ̀rọ̀ náà bá.

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyí. Yunifásítì Landmark ti wà ní ìlú wa láti ọdún 2011, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsọ̀ káfíńtà tó sún mọ́ yín, kí ẹ ka iye ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Àwa olùkọ́ ń sọ fún ọmọ pé bí kò bá kàwé, iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò kọ́, bí ẹni pé ìyà ni iṣẹ́ ọwọ́. Èmi náà sọ ọ́ rí, ojú bàbá mi ni mo sì ti sọ ọ́. Mo ń rọ ìjọba àti àwa òbí pé kí ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà mọ ayùn, kí ọmọ iṣẹ́ káfíńtà náà sì mọ kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń lò.

Àpótí náà ti wà ní pálọ̀ wa báyìí. Ọmọ mẹ́fà ni ó ń fi dánra wò. Ó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ bí iná bá wà, kò sì pa ara rẹ̀ mọ́. Igun rẹ̀ kan kò pàdé dáadáa. Bàbá mi fi ìka tọ ojú ibẹ̀, wọ́n ní, "Èyí tí yóò tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ rí báyìí."

Mo kó ayùn àti òòlù jọ kí n dá wọn padà. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọn kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, "Kó wọn sí yàrá tìrẹ. Ní yàrá tèmi, wọn yóò kàn dógùn-ún ni."