Ìpìlẹ̀ Ṣáájú Òrùlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí kò yọ kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà géèmù fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ó jẹ́ pé processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ni ó máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Kì í bèèrè mọ́dábọ́ọ̀dù tí ọpọlọ náà yóò jókòó lé. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọpọlọ kò lè jókòó sórí ìjókòó tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìlọrin, ẹni tí ó ń fi títún fóònù ṣe jẹun, fi ọdún méjì tu owó jọ nítorí irú ẹ̀rọ yìí. Owó náà kò tó ra ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ṣì í rà, ọdún méjì mìíràn ni yóò fi kábàámọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní kí ó ra Ryzen 5 5600 pẹ̀lú mọ́dábọ́ọ̀dù AM4, nítorí pé owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tòkunbọ̀ rẹ̀ sì wà lọ́jà. Àwọn yòókù ní Ryzen 5 7600 pẹ̀lú AM5 ni kí ó rà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn ni ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní ọdún 2017 ni Ryzen àkọ́kọ́ jáde fún AM4. Nígbà tí ó di 2022, púpọ̀ nínú àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù ọdún 2017 náà ṣì gba Ryzen 7 5800X3D, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ BIOS wọn di tuntun. Ti Intel kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ra mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017 kò lè lo processor tí Intel gbé jáde fún kọ̀ǹpútà ilé ní ìparí ọdún kan náà, bí ìjókòó méjèèjì tilẹ̀ jọra lójú. Láti ìgbà náà, Intel ti pààrọ̀ ìjókòó ní 2020, ní 2021 àti ní 2024. AM5 ní tirẹ̀ jáde ní 2022, AMD sì ṣèlérí láti máa ṣe processor fún un títí di 2027, ó kéré tán.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó tẹ̀ lé e. Wáàtì 65 ni AMD kọ sára 5600 àti 7600 bákan náà, nígbà tí Core i9-14900K ti Intel lè fa tó 253. Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yanjú àríyànjiyàn náà ni èyí: Ryzen 5 5600 kò lè gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Láìsí káàdì àwòrán, òkùnkùn ni olówó rẹ̀ yóò máa wò. Ryzen 5 7600 ní agbára díẹ̀ nínú ara rẹ̀; kò tó fún géèmù ńláńlá, ṣùgbọ́n ó tó fún iṣẹ́ àti fún géèmù kéékèèké. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ra AM5 pẹ̀lú RAM DDR5, nítorí AM5 kò gba DDR4, ó sì fi káàdì àwòrán sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ra kọ̀ǹpútà géèmù tí kò lè ṣe géèmù. Kò dá wọn lóhùn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Èyí kò sọ AM4 di ohun ìkọ̀sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ní RAM DDR4 àti káàdì àwòrán nílé, AM4 ni yóò tètè gbé e dé ibi tí ó ń lọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí olúkúlùkù ṣáà bi ara rẹ̀ léèrè kí ó tó náwó: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kí ni òun yóò lè pààrọ̀ láìwó ilé láti ìpìlẹ̀?