Ẹ gbọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà sọ: Ó ní yíyan ni wọ́n ń yan fáìlì bíi bisikíìtì!

Ẹni tó bá ń dá kàwé tí kò lólùkọ́, bó ṣe ń kó ọgbọ́n jọ náà ni yóò máa kó àṣìṣe mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà pàápàá kò mórí bọ́ níbẹ̀.

NELL kì í ṣèèyàn o, ètò orí kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tom Mitchell àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon, nílùú Pittsburgh, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe é. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010 ni wọ́n tú u sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kó máa kàwé, kó máa fúnra ẹ̀ ṣa òótọ́ jọ. Tọ̀sán-tòru ni, kò mọ Sọ́ńdè, kò mọ ọdún.

Àpẹẹrẹ díẹ̀ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ká ní wọ́n sọ fún un pé ìlú ni Paris, tó sì ń rí "mẹ́yọ̀ Paris" níbi púpọ̀, lọ́jọ́ tó bá rí "mẹ́yọ̀ Chicago", á ní ìlú ni Chicago náà nìyẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún náà, ohun tó ti kó jọ tó 390,000. Wọ́n díwọ̀n ẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 87 ló tọ̀nà.

Àṣé àwọn tí kò tọ̀nà yẹn ń bímọ! Bisikíìtì tí wọ́n ń jẹ ni wọ́n ń pè ní "cookies" l'Amẹ́ríkà. Orúkọ yẹn kan náà ni wọ́n ń pe àwọn àmì kéékèèké tí íntánẹ́ẹ̀tì ń fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà èèyàn. NELL kò mọ ìyàtọ̀, ó kó wọn pọ̀ mọ́ búrẹ́dì àti kéèkì. Nígbà tó wá kà á pé àwọn èèyàn ń pa cookies wọn rẹ́, tó tún kà á pé wọ́n ń pa fáìlì wọn rẹ́, ó ní á jẹ́ pé nǹkan tí wọ́n ń yan ni fáìlì náà nìyẹn.

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó parọ́ fún un níbẹ̀. Òótọ́ ló kà, òun ló so ó pọ̀ níbi tí kò ti so. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní ṣe irú ẹ̀, torí ó ti jẹ bisikíìtì rí. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ti fi í sílẹ̀ láì dá sí i. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò, èyí tó pọ̀ dára, àmọ́ bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti bàjẹ́ jìnnà. Ni wọ́n bá ń yẹ oríṣìí kọ̀ọ̀kan wò fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀ méjì-méjì, wọ́n á fi àṣìṣe tó hàn gedegbe hàn án.

Àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù lónìí, ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn náà kà, wọ́n sì kà á ju NELL lọ fíìfíì. Ẹnu wọn dùn, wọn kì í kólòlò. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ lo oògùn fọ́mọ, tàbí tó fẹ́ fowó ra ilẹ̀, kó rántí ọ̀rọ̀ fáìlì yìí. Tó bá bi fóònù tán, kó tún bi dókítà, kó bi lọ́yà, kó tó náwó, kó tó gbé oògùn sọ́mọ lẹ́nu.